Bí A Ṣe Ti Alùpùpù Jọ́jì ní Ìlú Ọba

Ẹ̀yin ará ilé, mo ti dé, ẹ yé dá mi dúró lọ́nà Igólò mọ́. Láti ọjọ́ tí mo ti sọ̀ kalẹ̀, n kò lè ra ẹ̀kọ kí ẹnìkan má bi mí bóyá mo rí yìnyín, bóyá mo rí ààfin ọba wọn. N kò rí yìnyín, n kò sì rí ààfin. Ohun tí mo rí ni pápá ńlá kan tí koríko ń hù láàrin kọnkéré rẹ̀, àti àwọn arúgbó òyìnbó tí wọ́n kó ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn tò wá síbẹ̀ láti fi sáré. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ti yìnyín, kó lọ bá ẹlòmíràn.

Ẹ mọ ohun tó gbé mi lọ. Bàbá mi, alágbẹ̀dẹ, ojú rẹ̀ ti ṣókùnkùn tán. Àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo tó kù láyé, Lékè, tí èmi ń pè ní Bàbá Lékè, ti wà ní Ìlú Ọba láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Ilé tó kọ́ sí Ìfàngní wà níbẹ̀, aláǹgbá ló ń gbé inú rẹ̀. Lọ́dọọdún ló ń sọ pé òun ń bọ̀, lọ́dọọdún la sì ń gbá àgbàlá rẹ̀ sílẹ̀ dè é. Ní ọdún yìí ó ní alùpùpù kan ni òun ń dúró kó sáré kí òun tó wálé. Bàbá mi gbọ́ èyí lórí fóònù. Ó pè mí.

Ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, lọ mú un wá fún mi. Mi ò lè rí ojú rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n mo fẹ́ fi ọwọ́ kan orí rẹ̀ kí n tó lọ. Fóònù ti sú mi."

Ó wá ní kí n bu epo pupa sínú ìgò kékeré kan, nínú èyí tí mo fọwọ́ ara mi sè, nítorí epo ni iṣẹ́ mi. Ó ní bí irin náà bá fẹ́ sáré níwájú àbúrò òun, kí n ta á sílẹ̀ fún Ògún bí a ti ń ṣe nílé. Kò sí onízémì tó ra alùpùpù tuntun ní àdúgbò wa tí kì í tì í wá sí ẹnu àgbẹ̀dẹ wa, kí Bàbá ta epo sílẹ̀ níwájú táyà rẹ̀ kó tó gbé èrò àkọ́kọ́. Mo ki ìgò náà sáàrin aṣọ mi. Ẹ rántí ìgò yìí, òun ló wá kó mi sí wàhálà.

Ẹnu ọ̀nà Bàbá Lékè

Ìrọ̀lẹ́ ni mo dé, òjò wínníwínní ń rọ̀. Ilé Bàbá Lékè kéré, ó pupa, ó so mọ́ ti aládùúgbò lọ́tùn-ún àti lósì bí ẹni pé otútù ló mú wọn sún mọ́ ara wọn. Ó ṣí ilẹ̀kùn. Mo rí imú bàbá mi lójú rẹ̀, mo sì kúnlẹ̀ sórí ọ̀nà níbẹ̀.

N kò tí ì kí i tán tí obìnrin òyìnbó kan ti sáré jáde láti ilé kejì pẹ̀lú àga lọ́wọ́. Ọkùnrin kan pẹ̀lú ti dúró tì mí, ó ń bi mí ní ohun tí n kò gbọ́, nítorí Faransé ni wọ́n fi kọ́ èmi níléèwé. Wọ́n rò pé mo dákú ni. Bàbá Lékè ṣàlàyé fún wọn pé ọmọ ẹ̀gbọ́n òun ni, ó ń kí òun ni. Obìnrin náà bẹ̀ mí, ó tún bẹ̀ mí, ó sì fi àga náà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, bóyá n óò tún kí ẹlòmíràn.

Bí wọ́n ṣe rí nìyẹn. Mo tẹ ọkùnrin kan lẹ́sẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin, òun ló tọrọ àforíjì. Obìnrin tó gbé àga jáde yẹn wá bá mi jókòó lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Ó sọ̀rọ̀ òjò, ó tún sọ̀rọ̀ òjò, Bàbá Lékè ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi, kò sì bi mí ní orúkọ mi títí ó fi dìde. Nílé wa, kí àlejò tó jókòó tán ni a ti mọ ìyá tó bí i. Mo kọ́kọ́ rò pé ìgbéraga ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jí lọ́jọ́ kẹta, mo rí i pé ó ti gbé ìborùn onírun àgùntàn gígùn kan sẹ́nu ọ̀nà fún mi, kò kan ilẹ̀kùn, kò dúró gba ọpẹ́.

Oúnjẹ Bàbá Lékè ṣe mí láàánú. Ẹja inú agolo àti tòmátì inú agolo ló fi ń jẹ ẹ̀bà, ata tó ń fi sí i kò lè jí ọmọ tuntun lójú oorun. Mo gbé ata tí mo kó wá jáde, mo se ọbẹ̀ fún un bí a ti ń sè é ní Ko-Kúmọlú nítòsí ilé wa. Ó jẹ ẹ́, omi ń dà lójú rẹ̀. Mo ní kí n bu omi sí i, ó fi ọwọ́ bo àwo. Ó jẹ ẹ́ tán kó tó sọ̀rọ̀.

Mo jẹ́ iṣẹ́ tí bàbá mi rán mi fún un. Ó gbọ́ ọ, ó mi orí.

Ó ní, "Dákọ̀, mo gbà. Ọkọ̀ òfurufú wa di ọjọ́ Ajé. Ṣùgbọ́n bí alùpùpù Jọ́jì ò bá sáré lọ́jọ́ Àìkú, ìwọ nìkan lo máa wọ̀ ọ́."

"Ta ni Jọ́jì, Bàbá?"

"Ọ̀rẹ́ mi ni. Ó ti kú. Èmi àti ẹ̀ la jọ kọ́ alùpùpù náà nígbà tí irun wa dúdú, ó ń gùn ún, èmi ń tì í. Ọjọ́ tó ń kú lọ, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní kí n má jẹ́ kó jẹrà sínú ṣẹ́ẹ̀dì ẹ̀yìn ilé rẹ̀, kí n tì í lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo ní màá tì í. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ti ń tò ó pọ̀ láti ìgbà yẹn. Ọjọ́ Àìkú yìí ni wọ́n ń kó àwọn nǹkan àtijọ́ jáde ní pápá. Bí kò bá ṣeé ṣe, ó di àmọ́dún."

Mo wo ojú rẹ̀, mo rí i pé kò ṣeré. Mo ronú kan bàbá mi lẹ́nu àgbẹ̀dẹ. Kò sí àmọ́dún lọ́wọ́ bàbá mi. Ẹ̀rù bà mí ní tòótọ́.

Òórùn inú ṣẹ́ẹ̀dì

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni a lọ sílé Súsàn, ọmọ Jọ́jì. Olùkọ́ àwọn ọmọdé ni, irun rẹ̀ ti funfun, ọwọ́ rẹ̀ sì dúdú dé ìgúnpá. Mo bi Bàbá Lékè léèrè ẹni tó máa gun alùpùpù náà lọ́la. Ó nawọ́ sí i. Mo ní obìnrin yìí? Ó túmọ̀ rẹ̀ fún un. Súsàn rẹ́rìn-ín, ó ní ta ni òun ìbá jẹ́ kó gùn ún?

Alùpùpù náà gùn, ó sì rẹlẹ̀. Ẹ́ńjìnnì méjì ni Jọ́jì dè mọ́ ara wọn nínú rẹ̀. Kò ní àga bí ti zémì, àyà ni wọ́n fi ń sùn lé e. Kò sí ohun tí wọ́n lè tẹ̀ kó jí, àfi kí ènìyàn tì í.

Kì í ṣe ìrísí rẹ̀ ló dá mi dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ṣẹ́ẹ̀dì náà. Òórùn ni. Láti kékeré ni mo ti ń se epo, imú mi kì í tàn mí jẹ. Òróró lárà ni mo gbóòórùn. Ẹ̀yin àgbà ìlú kò ní gbàgbé pé ìyá àgbà mi, ìyá bàbá mi, ló ń se òróró lárà ní Ìfàngní. Òun ló ń gún èso rẹ̀, tó ń sè é lẹ́yìn ilé, tí gbogbo ọlọ́mọ ń wá gbà á láti fi ra ikùn ìkókó. Látìgbà tó ti kú, ẹnikẹ́ni kò sè é mọ́ nílé wa.

Mo ní, "Bàbá, ta ló ń lo òróró lárà níbí?"

Bàbá Lékè wá àpótí kan, ó jókòó lé e.

Ó ní, "Ìwọ náà gbọ́ ọ. Kò sí òyìnbó kankan tí mo lè ṣàlàyé ẹ̀ fún. Òun ni wọ́n ń bù sínú ẹ́ńjìnnì yìí, torí bó ti wù kó gbóná tó, kì í já wọn kulẹ̀. Jẹ́ n sọ fún ọ. Nígbà tí mo dé ìlú yìí, mi ò mọ ẹnìkan. Nídìí iṣẹ́ rélùwéè, Jọ́jì ń rọ irin níwájú mi, èmi ń rọ tèmi. Odidi ọ̀gìnnìtìn, mi ò rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Ló bá ní lọ́jọ́ Àìkú kan kí n wá wo nǹkan. Pápá tí ọkọ̀ òfurufú ogun ń bà sí tẹ́lẹ̀ ló gbé mi lọ, wọ́n ti pa á tì. Àwọn ọ̀dọ́ ló ń sáré níbẹ̀. Kì í ṣe eré àyíká. Méjì á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹni tó mú àsíá dání á fò sókè, wọ́n á lọ gbọọrọ, ó parí. O ò tí ì gbé itọ́ mì tán tí wọ́n ti dé òpin. Otútù ń pa mí níbẹ̀, mo ń rò ó nínú mi pé màá padà sílé, ìyà yìí ti tó. Alùpùpù kan wá kọjá, èéfín rẹ̀ fẹ́ lù mí. Àbẹ̀kẹ́, òórùn Ìyá wa ni. Mo sunkún. Jọ́jì rò pé èéfín ló kó sí mi lójú."

Súsàn ti gbé tíì fún wa, ó ti da mílíìkì sí i kó tó bi mí. Mo mu ún bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ẹnu Bàbá kò dúró mọ́. Ó sọ bí wọ́n ṣe ń lọ sí ibi tí wọ́n ń da òkú ọkọ̀ sí, tí wọ́n ń gé èyí tó wúlò lára rẹ̀. Àgbá èsáǹsì, ìyẹn epo ọkọ̀, tó wà lára alùpùpù náà, ara ọkọ̀ òfurufú ogun ni wọ́n ti yọ ọ́. Ìyàwó Jọ́jì fi aṣọ àgọ́ ṣọ́jà rán ohun kan tó ń ṣí bí agboòrùn lẹ́yìn ọkọ̀, láti fi dá a dúró. Ó sọ ti ọdún tí àwọn ará Amẹ́ríkà kó ọkọ̀ tiwọn wá. Ọkọ̀ gígùn, tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí ẹni tó ń wà á jókòó sẹ́yìn táyà ẹ̀yìn. Àwọn tó ń wòran gun orí ọkọ̀ ara wọn kí wọ́n lè rí i.

Ó ní, "Àwa tí a rò pé a mọ eré, ńṣe la ya ẹnu sílẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, kò sẹ́ni tó ní ṣẹ́ẹ̀dì tí kò máa gé irin."

"Ẹ̀yin ńkọ́, Bàbá? Ẹ ò gùn ún rí?"

"Kí ni mo fẹ́ gùn ún ṣe? Èmi ni mò ń tì í. Láti ọjọ́ tí a ti kọ́ ọ, kò sí ọwọ́ ẹlòmíràn tó tì í."

Bó ṣe sọ ọ́, ẹ ó rò pé oyè ni wọ́n fi jẹ.

Pápá

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, mo rí ohun tí n kò rí rí. Afẹ́fẹ́ ń gé etí, ojú ọ̀run dúdú, àwọn ènìyàn sì jókòó sórí àga aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ wọn, wọ́n ń mu tíì bí ẹni tó wà lábẹ́ igi máńgòrò. Arúgbó ló pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n wọ aṣọ ìgbà èwe wọn tí kò tó wọn ní ikùn mọ́. Bí wọ́n ti ń rí Bàbá Lékè ni wọ́n ń pariwo orúkọ rẹ̀ láti òkèèrè, wọ́n ń gbá a léjìká. Èmi tí mo wá mú àlejò wálé, ó wá dà bíi pé mo fẹ́ jí onílé gbé. Inú mi kò dùn sí èrò yẹn.

Wọ́n fún mi ní búrẹ́dì tí wọ́n fi ẹran díndín sáàrin rẹ̀. Wọ́n fún mi ní ọ̀dùnkún òyìnbó díndín tí wọ́n da ọtí kíkan lé lórí, mo sì jẹ ẹ́ tán nítorí ó gbóná. Ọkùnrin onírùngbọ̀n funfun kan fún mi ní ohun tí mo máa fi di etí. Mo fi í sápò, mo rò pé ó ń fojú kéré mi ni. Nígbà tí ọkọ̀ méjì àkọ́kọ́ gbéra, mo wá a jáde kíákíá. Ariwo náà kò gba etí wọlé, àyà ló gbà. Eyín mi ń gbọ̀n. Nígbà tí mo máa la ojú, èéfín nìkan ló kù, àwọn ènìyàn sì ń pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó kẹ́yìn gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó ṣíwájú.

Àwọsánmà ń ṣú bọ̀. Bàbá Lékè ní bí òjò bá fi lè kan ọ̀nà náà, eré parí, torí pé táyà wọn dán, kò lè di ilẹ̀ tútù mú. Ó ń wo òkè, èmi náà ń wo òkè. Nígbà tí wọ́n pe Súsàn, Bàbá dìde, ó fi ọwọ́ di orúnkún rẹ̀ mú, ó tẹ̀ lé e.

Ìgbà náà ni mo rántí ìgò mi.

Epo

Mo gba abẹ́ okùn kọjá, kò sẹ́ni tó wò mí. Mo dé ìlà funfun tí wọ́n ti ń gbéra, mo wo ibi tí táyà máa gbà gan-an, mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ògún, irin rẹ nìyí. Jẹ́ kó lọ, jẹ́ kó bọ̀." Mo ta epo sílẹ̀. Ẹ mọ̀ mí, n kì í fi epo ṣahun, mo ta á dáadáa.

Nígbà tí mo gbé orí sókè, gbogbo ojú ti wà lára mi. Ẹni tó mú àsíá dání ń wo ilẹ̀ bí ẹni tó rí ejò. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè, ó fi wọ́n dábùú ara wọn. Bàbá Lékè fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ dé ọ̀dọ̀ mi.

"Àbẹ̀kẹ́, kí lo dà síbẹ̀?"

"Epo ni, Bàbá. Bàbá wa ló ní kí n ta á fún un."

Ó gbé ọwọ́ lé orí. "Epo? Lórí ọ̀nà yìí? Kò sí ohun tí wọ́n kórìíra níbí tó o. Bí táyà bá tẹ̀ ẹ́, ó máa yọ̀, ó máa gbé Súsàn lọ lu irin ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà."

Ohun tí mo ṣe fún ààbò obìnrin náà ló fẹ́ pa á. Bàbá túmọ̀ ohun tí ẹni tó mú àsíá sọ: a kò ní sáré àyàfi bí ilẹ̀ bá mọ́ tónítóní, òjò sì ti ń bọ̀. Mo rí ìrìn-àjò mi bó ṣe ń bàjẹ́ lójú mi. Mo rí ara mi nìkan nínú ọkọ̀ òfurufú, mo sì rí bàbá mi tó na ọwọ́ síwájú, tí kò rí orí kankan fi ọwọ́ kàn.

Ká ní iwájú ọjà wa ni, wọn ì bá ti bú mi dé ìran kẹta. Àwọn wọ̀nyí kò sọ nǹkan kan. Onírùngbọ̀n funfun ló kọ́kọ́ dé, ó ru àpò ìyẹ̀fun kan bíi sìmẹ́ǹtì, ó dà á sórí epo náà. Ẹlòmíràn mú ìgbálẹ̀ dé, ẹlòmíràn mú àkísà. Wọ́n ń kúnlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, arúgbó tí orúnkún ń dùn, wọ́n ń kérora, wọ́n ń nu ilẹ̀. Ọjọ́ tí mo dé, èmi nìkan ni mo kúnlẹ̀ ní òpópónà. Lọ́jọ́ yìí wọ́n kúnlẹ̀ yí mi ká. Mo tú ìborùn mi, mo bá wọn nu ún.

Onírùngbọ̀n sọ nǹkan, gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, Bàbá Lékè pẹ̀lú. Bàbá túmọ̀ rẹ̀ fún mi pé ojú ibí yìí gan-an ni ẹ́ńjìnnì Jọ́jì bẹ́ sí nígbà èwe wọn, tó da gbogbo òróró inú rẹ̀ sílẹ̀, tí wọ́n fi nu ilẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó ní tèmi sàn, ó kéré tán ó ní àwọ̀ tó dára.

Súsàn dé, àkẹtẹ̀ irin rẹ̀ wà lábẹ́ apá. Ó bi Bàbá ní ìdí tí mo fi ṣe é. Bàbá sọ fún un nípa àgbẹ̀dẹ wa àti àwọn onízémì. Súsàn gba ìgò náà lọ́wọ́ mi, ìwọ̀nba díẹ̀ ṣì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ó ti ìka bọ̀ ọ́, ó fi kan iwájú alùpùpù bàbá rẹ̀ níbi tí kò ti lè kán sílẹ̀, ó sì dá ìgò náà padà fún mi. Onírùngbọ̀n gbà á lọ́wọ́ mi, ó fi búrẹ́dì rẹ̀ kan ìyókù, ó jẹ ẹ́, ó ní iyọ̀ ni kò sí nínú rẹ̀.

Ẹni tó mú àsíá bẹ̀rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra ilẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀, ó nù ún mọ́ ṣòkòtò. Ó mi orí pé ó ti mọ́.

Súsàn sùn lé alùpùpù náà. Bàbá Lékè gbé ọwọ́ méjèèjì lé ẹ̀yìn rẹ̀, ó tì, kò lọ. Ó tún tì, kò lọ. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dúró, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sún mọ́ ọn, wọ́n mọ ẹni tó ń tì í. Ó wẹ̀yìn wò mí.

"Wá," ó ní. "Gbé ọwọ́ sí i."

Mo ká ìró mi sókè, mo gbé ọwọ́ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. A tì. Ó yí, ó yára, a ń sáré tẹ̀ lé e, Bàbá ń mí gúlegúle, lójijì irin náà jí lọ́wọ́ wa. Ariwo bo gbogbo nǹkan. Èéfín fẹ́ sí wa lójú, òórùn ìyá àgbà mi ni, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń wọlé wá láti ẹ̀yìn ilé. Súsàn yí i lọ sí ìlà, àsíá sọ̀ kalẹ̀, kò sí níbẹ̀ mọ́.

Bàbá Lékè ṣì na ọwọ́ síwájú. Omi bo ojú rẹ̀, tèmi náà bẹ́ẹ̀. A kò sọ pé èéfín ni.

Mo bi í léèrè ẹni tó ṣíwájú. Ó ní ẹnìkejì tó bá Súsàn sáré ni.

Ó ní, "Jọ́jì náà ò ṣíwájú ẹnikẹ́ni rí."

Ìgbà náà ni òjò dé. Wọ́n ṣí agboòrùn, wọ́n sì ń mu tíì wọn lọ.

Ìfàngní

Súsàn ló sìn wá dé ibùdó ọkọ̀ òfurufú. Ó bọ́ kóòtù kan lára rẹ̀, kóòtù tí Jọ́jì máa ń wọ̀ ní pápá, ó gbé e lé Bàbá Lékè léjìká. Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀, mo ti mọ̀ wọ́n. Èmi ni mo dì mọ́ ọn, ó sì jẹ́ kí n pẹ́ lọ́rùn rẹ̀.

Ẹ rí wa lọ́jọ́ tí a dé. Ẹ rí arúgbó tó wọ kóòtù nínú oòrùn ọ̀sán, ẹ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ láti Igólò dé ẹnu ilé, òógùn bò ó, kò bọ́ ọ. Ẹ ò tẹ̀ lé wa wọlé, torí náà ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó kù.

Bàbá mi jókòó lẹ́nu àgbẹ̀dẹ, ó kọjú sí ọ̀nà tí kò lè rí. Kí n tó lè sọ pé a ti dé, Bàbá Lékè ti kọjá lára mi. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eérú àgbẹ̀dẹ, tòun ti kóòtù.

Bàbá mi gbé imú sókè. Ó mí sínú, ó tún mí.

Ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, ta ló ń se òróró lárà nílé yìí?"

Ó na ọwọ́ síwájú, ọwọ́ náà kan ọrùn kóòtù, ó tọ ọrùn kóòtù lọ títí ó fi kan orí àbúrò rẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di orí náà mú, ó gbé imú rẹ̀ lé e. Ó pẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ó ní, "Lékè, o mà pẹ́ o."

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi," Bàbá Lékè ní láti ilẹ̀. "Mò ń bá ọ̀rẹ́ mi ti alùpùpù ni."